Ewé Abẹ́ Arère

Ta ló gbálẹ̀ abẹ́ ọsàn yìí? Ìwọ ni, Dúpẹ́, àbí? Mo ti rí ọ. Mo rí bí o ṣe dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí o ń wo ẹnu mi bí ajá tó ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹran. O gbá a mọ́ lóòótọ́. Ilẹ̀ pupa ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Ṣùgbọ́n n kò tíì kí ọ, n kò sì ní í kí ọ báyìí. Jókòó ná. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó pẹ̀lú, ẹ pa ìwé yín dé díẹ̀. Ìwé kì í sá lọ; àgbà ló ń sá lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sábẹ́ páànù, ẹ kò mọ bí òjò ṣe ń rọ̀. Ariwo rẹ̀ lẹ mọ̀. Òjò ayé yín a bọ́ lu páànù gbàmù-gbàmù bí ẹni tó wá gba gbèsè, a gba inú gọ́tà sáré, a gbé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́, kí ẹ sì tó wẹsẹ̀ tán, ó ti lọ. Lọ́jọ́ kejì eruku ti ń sọ. Àlejò tí kò jókòó ni òjò yín.

Òjò tiwa máa ń sùn lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọge ní Òjòwò yìí, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú sílẹ̀, igbó ń bọ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bí òjò bá dé, orí igi ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ewé òkè a gbé e fún ewé ìsàlẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ a gbé e fún ìtàkùn, ìtàkùn a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ó tó dé ilẹ̀, ìbínú rẹ̀ á ti rọ̀. Ohun tí ó sì bá nílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Ewé ni. Èyí tó wà lókè pátápátá gbẹ, a máa ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí o bá ká a kúrò, o óò bá èyí tó ti rọ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé tí a fi pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Abẹ́ ìyẹn dúdú, kò ṣeé sọ bóyá ewé ni tàbí ilẹ̀, nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú ta kiri nínú rẹ̀, ó sì ń rùn bí inú orù tí wọ́n kò tíì fọ̀. Ibẹ̀ ni òjò ń sùn sí. Òjò á ti dá lójú ọ̀run, àwọn ọkùnrin á ti jáde, igbó a sì tún máa rọ òjò tirẹ̀ lọ: tó, tó, tó, títí oúnjẹ ọ̀sán fi máa jinná.

Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ má wojú ara yín, àtẹ́lẹsẹ̀ wa le ju bàtà yín lọ.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ilé wa ni ìṣun wà tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́. Kì í ru, kì í hó. Abẹ́ àpáta ló ti ń yọ, bí omi ojú ọmọ tí wọ́n ti bá wí tán tí kò sì fẹ́ kí ẹnìkan mọ̀ pé òun ń sunkún. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò rí i mú. Nígbà tí odò àwọn ará Òkè-Àgbò bá fà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé agbè wá, àwa náà a sì máa fẹlá díẹ̀ kí a tó jẹ́ kí wọ́n bu. Nígbà Àgẹmọ, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ yọjú síta, a ó ti pọn omi kún gbogbo ìkòkò ilé ṣáájú, àárọ̀ ọjọ́ náà a sì máa dùn: orù ń kan orù, ahá ń ró kọ̀-kọ̀ nínú agbè, àwọn ìyàwó ilé ń bú ara wọn lórí ẹni tó da omi rú. Mo rántí ìyàwó kan tó sanra, tó yọ̀ lórí òkúta tó sì fi ìdí jókòó sínú ìṣun gan-an. A bínú sí i nítorí omi ni. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó ṣe léṣe.

Igi arère kan dúró lókè ìṣun náà. Ó ga dé ibi tí gèlè yóò fi bọ́ lórí ẹni tó bá fẹ́ rí ṣóńṣó rẹ̀. Ìyàwó tó bá jẹ́ tuntun jù nílé ló ń gbá ọ̀nà odò, láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ìdí arère náà. Ibẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ti ń padà. Wọ́n ta màrìwò kan mọ́ ara igi náà, ọ̀pẹ yẹn a máa fì lójú ẹni. Láti ibẹ̀ lọ, yí ìṣun ká àti sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìgbálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án, a kì í ṣá igi níbẹ̀, a kì í dáná. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ kọjá màrìwò, Jẹ́jẹ́ yóò bínú. Irú ìbínú wo? Wọn kò sọ. Àgbà ayé ìgbà náà kì í ṣàlàyé. Wọn a wò ọ́, ìwọ ni yóò rẹ̀ láti béèrè.

Nígbà tó yá, bàbá wa di onígbàgbọ́. Wọ́n rì í bọ omi, wọ́n fún un ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè pè tán, ó sì gun orí àpótí, ó já màrìwò náà sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kan ló ni omi, òun kò sì gbọ́ pé Ó ń ta ọ̀pẹ mọ́ igi. Àbúrò rẹ̀, tó ti ń kírun ní tirẹ̀, ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fohùn ṣọ̀kan ní agbo ilé wa. Kò sí ẹni tó rántí pé màrìwò náà níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe: ìgbálẹ̀ ló ń dá dúró. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ kò nílò àmì, ẹsẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ló máa ń padà.

Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, Ṣóyẹmí, gbé ìyàwó láti Òde-Omi létí ọ̀sà wá. Epo ló máa ń gbé lọ síbẹ̀, ẹja gbígbẹ ló sì máa ń gbé bọ̀, lọ́jọ́ kan ó gbé Ẹfúnwùmí bọ̀. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá rẹ̀ le nítorí àjẹ̀ ọkọ̀ tó ti ń fà láti kékeré. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ ìwà hù, kò pe orúkọ ọmọ ọkọ kankan. Eyínfúnjowó ló sọ mí. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Eyín wà lẹ́nu mi nígbà náà, ó pé, ó sì funfun.

Ó fẹ́ràn àti máa fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní àwa ará igbó ń bẹ omi bí ẹni tó ń bẹ ọba, pé omi tí ẹja ọ̀sà fi ń ṣeré lásán, a kò ní í mu ún tán títí a ó fi kú. Mo ní kí ó lọ gbé ọ̀sà náà wá sínú orù kí n rí i. Ó ní orù wa kò lẹ́nu. Bí a ṣe máa ń bá a lọ nìyẹn, láti ẹ̀yìnkùlé dé odò.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ní Òde-Omi, iyanrìn funfun ni ilẹ̀. Obìnrin tí kò bá fi ìgbálẹ̀ ya ìlà sójú iyanrìn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Omi yí wọn ká. Wọn kò bẹ ilẹ̀ kí ó tó fún wọn lómi. Nígbà tí Ẹfúnwùmí gbá ọ̀nà odò dé ìdí arère, tí kò sí ohun tó dá a dúró, tó sì rí ewé jíjẹrà tó yí omi mímu ká, ojú tì í nítorí wa. Ó gbá a. Ó gbá a yí ìṣun po, ó gbá a gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, ó kó o jọ, ó sì finá sí i. Nígbà tí a dé ibẹ̀ pẹ̀lú orù, ilẹ̀ ti mọ́, ìlà ìgbálẹ̀ wà lára rẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Kí la ṣe? Ẹ̀yin náà, kí lẹ óò ṣe? Ta ni yóò bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní í kí i? Ìyáálé ilé wa ló ṣáájú, ó kí i kú iṣẹ́. Èmi náà kí i. Àwọn tó ń lọ sóko kí i, àwọn tó ń bọ̀ láti oko kí i. Bàbá wa sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Káre, ọmọ dáadáa," ó sì mú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá wo bí àyíká omi onígbàgbọ́ ṣe yẹ kí ó rí. Láti ọjọ́ náà, bí ewé bá wọ́, ó ti gbá a. Bí ó bá gbá a, a ti kí i.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Kò sùn. Ó sáré bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó pupa bí epo, ó wọ́ ilẹ̀ dání, ó sì da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ìṣun. A fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ náà. Ẹfúnwùmí kó jù wá lọ, ó sì tún mú ìgbálẹ̀, ó tún ilẹ̀ ṣe. A tún kí i. Gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn, omi pọ̀ lójú ọ̀nà ju bó ti í pọ̀ rí lọ, inú wa sì ń dùn pé òjò rọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Jẹ́jẹ́ gbẹ. Kò pariwo nígbà tó wà, kò sì pariwo nígbà tó lọ. A gbé orù débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àpáta tutù díẹ̀; ní àárọ̀ mìíràn, ó gbẹ fúrúfúrú. Àwọn àgbà wá, wọ́n wò ó, wọ́n padà. Láti ìgbà yẹn, odò kan lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè ni à ń lọ pọn. Bí a bá lọ láàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kí a tó padà délé, ìdajì omi á sì ti dà sí wa lẹ́yìn. Ọmọ ìkókó kan kú nílé kejì sí tiwa ní ọyẹ́ náà. Wọ́n ní inú rírun ni. Ó lè jẹ́ inú rírun.

Ìyáálé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní ẹsẹ̀ ìyàwó yìí gbóná, pé ọ̀sà ti gba ara rẹ̀ pe omi wa lọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn kiri agbo ilé kíákíá, nítorí ó rọrùn láti gbé ju orù lọ. Àwọn ará Òkè-Àgbò, tí a fẹlá fún, ní kí a kó ìyàwó wa padà síbi tí omi wà. Ẹfúnwùmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Apá kan wà lókè níbẹ̀ tí ẹ̀gún kò jẹ́ kí ó lè gbá. Ewé ibẹ̀ wà níbi tó wà. Ó kúnlẹ̀, ó wò mí.

"Eyínfúnjowó, ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ kí o sọ ohun tí o bá."

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa nígbà náà, awọ ara wa funfun bí eérú. Mo ti ọwọ́ bọ ewé náà, ó tutù dé ọrùn ọwọ́ mi. Òjò ti dá tipẹ́. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èyí tó dúdú, ó fún un, omi kán láàárín ìka rẹ̀. Kò tó ẹyẹ mu. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tí ó ti ń gbá. Ó ti sán bí gìgísẹ̀ àgbà.

"Ewé yìí ni orù yín," ó wí. "Èmi ni mo fọ́ ọ."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wọ inú igbó pẹ̀lú agbọ̀n, tó ń ru ewé jíjẹrà bọ̀, tó ń dà á sórí ilẹ̀ tó sán, tó sì ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ìyáálé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ọmọdé ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń pè é ní ìyàwó tó ń kó ààtàn wálé. Iṣẹ́ ló ń ṣe o, iṣẹ́ tó le ju gbígbá lọ. Kò sí ẹni tó kí i.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa. Ohun tó wà nílẹ̀ kò fara sin: ṣé yóò dúró nílé ọkọ, àbí yóò lọ? Ìyáálé rojọ́ pẹ́. Ṣóyẹmí ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan Ẹfúnwùmí, wọ́n bi í pé ta ló rán an ní gbígbá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ kò rán mi. Ẹ kí mi ni. Láràárọ̀ ni ẹ ń kí mi kú iṣẹ́. N kò mọ̀ pé ẹ lè máa kí ènìyàn kú iṣẹ́ ohun tí ẹ kò fẹ́."

Ojú gbogbo wa lọ sára bàbá wa. Ọwọ́ rẹ̀ ló já màrìwò, ẹnu rẹ̀ ló sọ pé káre. Gbólóhùn kan péré ló kù kí ó sọ, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ní kí a gbàdúrà.

A gbàdúrà. Lẹ́yìn àmín, wọ́n ní kí Ṣóyẹmí sìn ín lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó lọ sinmi. Gbogbo wa mọ ohun tí ìsinmi náà jẹ́.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kọ́kọ́ ru agbọ̀n ewé kan wá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ arère, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi tí a pọn láti ọ̀nà jíjìn. Ó di ẹrù rẹ̀. Ó kọjá lára wa níbi tí a ti ń gún iṣu, ó ní, "Eyínfúnjowó." N kò rántí ohun tí mo fi dáhùn, bí mo bá tilẹ̀ dáhùn. Ohun tí mo rántí ni pé iṣu náà kò jinná dáadáa, ó ní kókó.

Arère jẹ́ igi tí í wọ́wé nígbà ọyẹ́. Ó wọ́ ewé tirẹ̀ sórí èyí tí Ẹfúnwùmí tẹ́. Kò sí ẹni tó gbá a. Ẹ̀rù ń bà wá. Òjò rọ̀ sórí rẹ̀, ó mu ún, ó rọ̀, ó dúdú. Ọdún yí, ọdún tún yí. Ní ọyẹ́ kan tó mú gan-an, mo lọ síbẹ̀ láti ṣa igi ìdáná, mo rí i tí abẹ́ àpáta ń dán. Jẹ́jẹ́ ti padà dé.

Bàbá wa ní kí Ṣóyẹmí lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá. Wọ́n di iṣu àti obì fún un, iṣu tó tóbi jù nínú àká. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ó sì dá nìkan dé. A jókòó yí i ká. Ó ní Ẹfúnwùmí ti wà nílé ọlọ́kọ̀ kan létí ọ̀sà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ó gbé oúnjẹ fún òun, ó gbé omi fún òun, ó bi òun bóyá omi ti padà. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá wa bi í pé kí ló wá wí.

"Ó ní kí n kí gbogbo ilé kú iṣẹ́," ni Ṣóyẹmí wí.

Bàbá wa ní a dúpẹ́. Ó jẹun tirẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́, ó sì wọlé.

Ẹ má wo ojú mi bóyá omi wà níbẹ̀. Kò sí. Nígbà tí àwọn agégi wá gé arère yẹn, tí òórùn rẹ̀ gba àdúgbò, tí wọ́n wọ́ ọ sórí mọ́tò, àwọn ènìyàn ń wò mí bí ẹ ṣe ń wò mí yìí. Ẹ̀gúsí ni mo ń bó. Mo bó o tán. Ilé onípáànù ló wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà báyìí, ẹ̀ka ẹ̀rọ omi sì wà níbi tí àpáta wà, ó ń yọ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń dúró níbi tí ìdí arère wà. Lẹ́yìn náà a máa rìn lọ.

Dúpẹ́, ọsàn yìí kò ga tó arère, ewé rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní nìyẹn. Lọ kó ewé náà kúrò lórí ààtàn kí ẹnìkan tó finá sí i, kí o dà á padà sídìí rẹ̀, kí o fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bí o bá ṣe é tán, wá bá mi níbí. N óò kí ọ.